Odò Kaduna

Odò Kaduna jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú Odò Ọya. Ó gùn tó 550 kìlómítà. Orísun rẹ̀ wà lórí òkè Jos, nítòsí Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ó kọ́kọ́ kọrí sí ìhà àríwá-ìwọ̀ oòrùn, kí ó tó ṣẹ́rí la ìlú Kaduna já, níbi tí afárá ti so apá àríwá ìlú náà mọ́ apá gúúsù. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Ìpínlẹ̀ Niger. Ní Shiroro, ó gba àárín àpáta gíga kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sé e láti fi pèsè iná mànàmáná 600 mẹ́gáwáàtì. Lójú òjò, odò yìí a máa kún dé bèbè. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ a fà, iyanrìn a sì yọ. Nísàlẹ̀ odò, àwọn Nupe ń gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ agbègbè Bida. Mureji ni ó ti pàdé Odò Ọya, ní òdìkejì Pategi. Níbẹ̀, Odò Ọya ni ààlà Ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara.