ILÉ OHUN ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ KÉKERÉ KAN NÍ NEW ORLEANS

Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ ìlú wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà, mo dé New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ibẹ̀ ni mo ti wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tí ayàwòrán Charles Gandolfo dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ìtàn ẹ̀sìn Vodun, tí wọ́n ń pè ní Voodoo níbẹ̀, ni ó wà fún.

Sinimá ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn ìkà lásán ni Voodoo. Ọ̀rọ̀ náà ti inú èdè Fọn ti Dahomey àtijọ́ wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní vodun ni àwa ń pè ní òrìṣà. Ní ọdún 1719, nígbà ìjọba Faransé, ni ọkọ̀ ẹrú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Louisiana. Àwọn tí a kó ní èbúté Ouidah wà nínú wọn. Ogun òmìnira sì bẹ́ sílẹ̀ ní Háítì ní 1791, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá lọ sí Cuba. Nígbà tí a lé wọn kúrò níbẹ̀ ní 1809, àwọn tí ó lé ní 9,000, olówó àti ẹrú, ni ó wọ New Orleans, wọ́n sì gbé ẹ̀sìn wọn dání. Ní 1817, òfin ìlú fi ìpéjọ àwọn ẹrú mọ sí ọjọ́ Sunday nìkan, ní pápá tí a wá mọ̀ sí Congo Square. Marie Laveau (1801 sí 1881), obìnrin tí kì í ṣe ẹrú, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn aṣáájú ẹ̀sìn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Legba tí wọ́n ń bẹ̀ kí ó ṣí ọ̀nà, Ẹlẹ́gbára wa ni. Ogou ti Háítì, Ògún ni. Nago sì ni orúkọ agbo rẹ̀, èyí tí àwọn Fọn fi ń pe àwa Yorùbá.

Bí àwọn tí a kó nígbèkùn kò bá jẹ́ kí ìtàn yìí bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwa tí a wà nílé ńkọ́? Ère àti ìlù baba wa ni a ń sun níná, tí a sì ń tà fún oníṣòwò. Pípa ìtàn mọ́ kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí lè jọ ṣe é. Mo bẹ Ẹgbẹ́ wa kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Kí àwọn àgbà sọ ìtàn ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí àwa olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi sì fi owó ràn wá lọ́wọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.