Ìtàkùrọ̀sọ Nínú Ìmọ̀ Òye Èdè

Ìtàkùrọ̀sọ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bá ara wọn sọ, tí èyí ń sọ, tí ìyẹn ń fèsì. Ìbéèrè tí àwọn amòye ń bi nípa rẹ̀ ni pé, báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Ohùn lásán ló ń jáde lẹ́nu, síbẹ̀ èrò inú ẹnì kan a di mímọ̀ fún ẹlòmíràn. Èsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù láti nǹkan bí ọdún 1950 ni pé ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé ìtumọ̀. Olùgbọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, òun àti olùsọ̀rọ̀ sì ti ní láti fọkàn tán ara wọn kí wọ́n tó lanu.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, John Locke kọ ọ́ pé àmì èrò tó wà lọ́kàn olùsọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹ́. Ta ló wá lè yọjú wo inú ẹlòmíràn láti mọ̀ bóyá èrò kan náà ló so mọ́ ọn? Ludwig Wittgenstein gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Philosophical Investigations, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1953, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní ká wo bíríkìlà kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà pe orúkọ òkúta kan, ọmọṣẹ́ gbé e wá. Kò sẹ́ni tó wo ọkàn ẹnì kankan níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a jọ ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀. J. L. Austin ti Oxford fi kún un pé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan. Nílé ìkómọ, bí àgbà ẹbí bá ti pe orúkọ ọmọ, ọmọ ti ń jẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ẹni tó ń kọjá lọ ní títì bá pe orúkọ kan náà lójú fèrèsé, asán ni.

Ẹni tó wá ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò ni Paul Grice (1913–1988). Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1957, ó ní ẹni tó sọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́kàn olùgbọ́, ó sì ń fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé olùgbọ́ ti mọ ohun tí òun ń fẹ́. Ní 1967, nínú àwọn àsọyé tó ṣe ní Yunifásítì Harvard, ó ní à ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nínú ìtàkùrọ̀sọ: à ń retí kí ẹnì kejì sọ èyí tó tó, kó má purọ́, kó má yà kúrò lórí ọ̀rọ̀, kó sì sọ ọ́ kó yéni.

Ẹ wo obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iyọ̀ wà lọ́wọ́ yín?” Èyí àgbà fèsì pé, “Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni.” Obìnrin náà ní, “Ẹ ṣé mà,” ó wọlé lọ mú owó. Kò sẹ́ni tó sọ pé iyọ̀ ò sí, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ rà á. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyá náà ò kàn lè ṣàdédé máa sọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá ohun tó so èsì mọ́ ìbéèrè, ó sì rí i.

Àpẹẹrẹ tí Grice fúnra rẹ̀ mú wá tún le ju èyí lọ. Olùkọ́ kan ń kọ lẹ́tà nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ ìmọ̀ òye. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pé kì í pa kíláàsì jẹ, ó parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Kò purọ́ kankan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Àwa Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Lójú tèmi, òwe yìí kún ju ti Grice lọ níbì kan. Grice tẹjú mọ́ èrò olùsọ̀rọ̀. Òwe gbé iṣẹ́ lé olùgbọ́ lọ́wọ́, ó tún mú ìwà wọ̀ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọlúàbí lè gbọ́ àbọ̀ kó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní àbọ̀.

Bí olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ ò bá gbọ́ èdè ara wọn rárá ńkọ́? Ní 1960, W. V. O. Quine fojú inú wo onímọ̀ èdè kan nílùú àjèjì. Ehoro sáré kọjá, ará ìlú ní “gavagai”. Ṣé odindi ehoro ló ń wí, àbí ẹ̀yà ara rẹ̀? Quine ní ìtumọ̀ tó bá ohun tójú rí mu lè ju ẹyọ kan lọ. Donald Davidson, tó tẹ̀lé e, ní a ò lè bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ àfi ká kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni ẹni náà ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ mú ìbéèrè Quine nípa ìtumọ̀ tọ àwọn onísègùn lọ, lórí ọ̀rọ̀ “mọ̀” àti “gbà gbọ́”, ìwé wọn sì jáde ní 1986. Lọ́dọ̀ àwọn onísègùn náà, ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ó gbà á gbọ́ ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí ìtàkùrọ̀sọ ń fún wa kò tíì di ìmọ̀ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa.

Yàtọ̀ sí ìtumọ̀, àsìkò tí èsì fi ń dé náà ṣe pàtàkì nínú ìtàkùrọ̀sọ. Ìwádìí kan tí Tanya Stivers ṣáájú rẹ̀ ní 2009 wọn àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè àti èsì nínú èdè mẹ́wàá. Ní ìpíndọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tó ń sọ èdè Japan ló yá jù, àwọn ti Denmark ló pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ń lò tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò yẹn láti wá ọ̀rọ̀ ẹyọ kan kó tó sọ ọ́, èyí tó fi hàn pé olùgbọ́ ti ń múra èsì sílẹ̀ nígbà tí ìbéèrè ò tíì tán lẹ́nu.

Yorùbá kò sí nínú èdè mẹ́wàá yẹn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì wa tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́jà, nílé àti ní ibùdókọ̀, kí wọ́n wọn tiwa náà, pàápàá ìkíni, níbi tí èsì ti sábà máa ń dé kí ẹni tó ń kíni tó parí.