Sàlẹ́ńsà Ńlá Lára Peugeot 504 ní Ilẹ̀ Àkókó

Sàlẹ́ńsà ni páìpù tó ń kó èéfín kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì ń pa ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìlú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, tí òkè àpáta yí ká, ìtàn pípààrọ̀ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn Peugeot 504. Ọdún 1968 ni ọkọ̀ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, ó sì di ọkọ̀ èrò jákèjádò Nàìjíríà.

Irin lásán ni sàlẹ́ńsà ìgbà náà. Omi inú èéfín a máa mú un dípẹtà, gbágungbàgun ọ̀nà a sì máa já a. Bí ojúlówó bá wọ́n, wẹ́dà a gé ibi tó jẹrà, a jó páìpù mìíràn mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni awakọ̀ mìíràn ti ń béèrè èyí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa.

Àmọ́ fífẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí páìpù bá fẹ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì, èéfín á máa rìn jẹ́jẹ́, agbára á sì dín nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ tó kún nílò agbára láti gun òkè Ọ̀kà. Nítorí náà, wẹ́dà tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ wọn ẹnu páìpù àtijọ́, a rọra tẹ tuntun kọjá lókè ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, a sì fi rọ́bà so ó rọ̀ kí ó má baà máa gbá abẹ́ ọkọ̀.