Ìdákẹ́ Agbẹjọ́rò Ìjọba: Ẹjọ́ Tí Gàní Fáwẹ̀hìnmi Pè Lórí Ikú Délé Gíwá

Ẹ̀fẹ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Èkó, pé orúkọ tí a fi ń pe lọ́yà àti èyí tí Òyìnbó fi ń pe òpùrọ́ jọra létí. Agbẹjọ́rò tí Yorùbá ń pè é kò ní irọ́ nínú: ẹni tí ó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò ni. Bí oníbàárà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ̀bi, ó lè bá a rojọ́, ó sì gbọ́dọ̀ bo àṣírí rẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó gbé ẹ̀rí tí ó mọ̀ pé irọ́ ni síwájú adájọ́. Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sọ èyí kedere. Ṣùgbọ́n ti agbẹjọ́rò tí kò purọ́, tí kò sì sọ òtítọ́ ńkọ́, ẹni tí ó kàn dákẹ́?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú àpò ìwé pa Délé Gíwá, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Gàní Fáwẹ̀hìnmi ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Ọ́fíìsì Gàní wà ní Anthony, nítòsí Maryland. Òun fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, ó kó ìwé olójú-ewé 39 lọ fún ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò tí ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́ fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó fẹ̀sùn kan ọ̀gágun méjì, Halilu Akilu àti A. K. Togun. Ohun tí ó béèrè kò ju ọ̀kan nínú méjì lọ: kí ìjọba pe ẹjọ́ náà, tàbí kí ó kọ ọ́ sára ìwé náà pé òun ti rí i, òun kò ní í pè é, kí Gàní lè pè é fúnra rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà fi àyè yìí sílẹ̀.

Ìjọba kò ṣe ọ̀kankan. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn ọlọ́pàá kò tíì parí ìwádìí, àwọn kò sì tíì lè pinnu. Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn yìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láìsí ìfọwọ́sí ìjọba, ará ìlú kò lè dé iwájú adájọ́. Bí wọn kò bá sì ti kọ̀, kí ni yóò sọ pé wọ́n kọ̀ fún òun?

Ilé-ẹjọ́ Gíga dá ẹ̀bẹ̀ Gàní nù, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà ṣe bẹ́ẹ̀: kí ló kàn án níbẹ̀? Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1987 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí i padà. Adájọ́ Obaseki sọ pé olùṣọ́ ara wa ni gbogbo wa, ìwà ọ̀daràn sì kan gbogbo ará ìlú. Wọ́n yọ̀ǹda fún Gàní láti béèrè àṣẹ tí yóò mú kí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ìpinnu rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ Gàní máa ń sáré kọjá ohun tí ó tẹ̀lé e. Lọ́dún 1988, Ilé-ẹjọ́ Gíga fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọ̀gágun náà, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó. Kò yẹ kí a fò ó. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gàní ní kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkọ. Ilé-ẹjọ́ náà ní kí Gàní fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

Gàní di olóògbé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Títí di òní, ilé-ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú Délé Gíwá.