Àríyànjiyàn Lórí Àwo Fújì Láàrin Ilé Méjì ní Ayọ̀bọ̀

Ní àdúgbò wa ní Ayọ̀bọ̀, ilé bàbá mi àgbà àti ilé Bàbá Káfíńtà fara kanra. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn. Ọdún 1986 ni àwọn méjèèjì jọ ra ilẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan náà ní Múṣín, tí oko àti igbó ṣì pọ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa kó wọ ilé tuntun, wọn kì í kí ara wọn mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Àwo orin fújì ló dá a sílẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè ni mo rí i pé ìtàn ńlá ló wà lẹ́yìn ìjà kékeré yìí.

Inú ìdíje ni wọ́n ti bí fújì. Kó tó di fújì, wéré ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a máa fi ìlù àti orin jí àwọn ènìyàn kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ ajíwéré tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ náà a sì máa bá ara wọn díje, tí àwọn èrò á máa wí èyí tó dùn jù. Nítorí náà, ẹni tó ń gbọ́ orin yìí kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó gbọ́. Adájọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ yẹn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí sí Ìbàdàn ní 1948, wà lára àwọn tó sọ wéré di fújì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ara orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí àwòrán rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti mú orúkọ náà. Kollington Àyìnlá, ọmọ Ìlọta ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì ti ṣe ṣọ́jà rí. Barrister ní ẹgbẹ́ Supreme Fuji Commanders, Kollington ní Fuji '78. Kollington mú ìlù bàtá wọ inú fújì, ìyẹn sì ni àwọn tirẹ̀ fi ń yangàn.

Irú ọ̀ràn báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn alápàlà ti jiyàn lórí Haruna Ishola àti Àyìnlá Ọmọwúrà. Àwọn onígbàgbọ́ tó fẹ́ràn jùjú ti jiyàn lórí Sunny Ade àti Ebenezer Obey. Ṣùgbọ́n ti fújì le. Barrister àti Kollington ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn nínú àwo. Ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, orin kan náà ni láìdánudúró, ó lè gba bí ìṣẹ́jú ogún. Òwe á máa lọ, àbùkù á máa lọ, wọn ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn olólùfẹ́ ló máa jókòó, tí wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Bí bàbá mi àgbà àti Bàbá Káfíńtà ṣe ń ṣe nìyẹn ní Múṣín. Wọ́n jọ dá owó ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Barrister ni ti Bàbá Àgbà. Ó ní ọgbọ́n àti ohùn ló wà níbẹ̀. Kollington ni ti Bàbá Káfíńtà. Ó ní ẹni tí bàtá kò bá mú jó, kó lọ sùn. Ọdún 1988 ni Barrister gbé Fuji Garbage jáde. Bàbá Àgbà ra á lọ́jọ́ tó rí i. Bàbá Káfíńtà gbọ́ ojú kìíní tán, ó ní orúkọ rẹ̀ náà ló ròyìn rẹ̀, pé ìdọ̀tí ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹnìkan bú bàbá ẹnìkejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Káfíńtà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjèèjì lọ, ó fi ẹ̀rọ tó ń yí àwo sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà yẹn, ní tòun kò sí níbẹ̀ rárá. Talazo '84 ti Wàsíù Àyìndé ni òun fẹ́. Wàsíù ti wà nínú ẹgbẹ́ Barrister láti 1975 sí 1978, Wàsíù Àyìndé Barrister ló sì ń jẹ́ lórí àwo nígbà náà. Bàbá Àgbà ní ọmọ tó ń bá ọ̀gá ru ìlù kò lè kọ́ òun ní fújì. Nígbà tó yá tí Wàsíù mú kíbọ́ọ̀dù àti sakisofóònù wọ inú orin, Bàbá Àgbà ní wọ́n ti ba fújì jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó máa ń gbọ́ orin gìtá àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, ní òun mọ irú ẹjọ́ yẹn. Ní ìlú Berkeley ní California, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ń pè ní 924 Gilman, níbi tí ẹgbẹ́ Green Day ti ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n lọ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, tí wọ́n sì gbé àwo Dookie jáde ní 1994, àwọn olólùfẹ́ wọn àtijọ́ ní wọ́n ti ta ara wọn, gbọ̀ngàn náà kò sì gbà wọ́n láyè mọ́. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù 10 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ọdún 2015 ni wọ́n tó padà ṣeré níbẹ̀. Mo sọ èyí fún Bàbá Àgbà. Ó ní, “Àwọn òyìnbó náà ní Bàbá Káfíńtà tiwọn.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ti pẹ́ tí Barrister àti Kollington ti parí ìjà tiwọn. Àwọn tó jà nítorí wọn ni kò parí rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ́lé sí: Kollington ń gbé Alágbàdo, tí ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ilé Barrister wà ní Ìsọlọ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni Ayọ̀bọ̀ wà. Bàbá Àgbà àti Bàbá Káfíńtà sì ń gba ara wọn kọjá lójú ọ̀nà mọ́sálásí lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, Barrister kú sí London. Ìyá mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì fún mi. Bàbá Káfíńtà kan ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, ó sì padà lọ gbé ìkejì. Bàbá Káfíńtà ní òun wá kí i kú ará fẹ́ra kù. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀rọ yẹn ti wà lókè àjà rẹ̀, eku ti jẹ wáyà rẹ̀. Kò ké mọ́.

Orí fóònù mi ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ báyìí. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo tan Fuji Garbage fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Káfíńtà di ojú, ó ń mi orí, títí ojú kìíní fi parí. Ó wá ní kí n fi Kollington sí i, kí àwọn lè gbọ́ orin.