Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Mú?

Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kabba, bí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ méjì ni yóò jáde bíi balógun. Wọn yóò máa mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ mú, èmi mú. Èmi ni wọ́n sábà máa ń mú kẹ́yìn. Nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ pe orúkọ mi, wọn a kàn ní, "Ìwọ, máa bọ̀." Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ̀wé nípa NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń mú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kò dà bíi tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá jáde ní yunifásítì lè lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ olówó ló ń kó àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Lọ́dún 1935, Bert Bell, ọ̀kan nínú àwọn tó ni Philadelphia Eagles, dábàá pé kí ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn máa kọ́kọ́ mú. Àbá tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ló wà nísàlẹ̀!

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1936, wọ́n pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní Philadelphia. Ẹgbẹ́ 9 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú ènìyàn 9. Jay Berwanger, ọmọ Yunifásítì Chicago, ni Eagles kọ́kọ́ mú. Owó tó béèrè ga lójú wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún Chicago Bears. Àwọn náà kò lè san án. Berwanger bá wá iṣẹ́ mìíràn lọ, kò gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì náà títí ayé. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni ètò náà mú dọ́gba. Agbábọ́ọ̀lù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mú ọ ni kí o bá lọ.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò pè rárá. Ó di ọdún 1949 kí wọ́n tó mú aláwọ̀ dúdú, George Taliaferro, ìyẹn lẹ́yìn tí ìmú ti yí kárí lẹ́ẹ̀méjìlá.

Christian Okoye, tí wọ́n bí ní Enugu, lọ ń ju àwo díìsìkì ní Yunifásítì Azusa Pacific ní California. Nàìjíríà kò mú un lọ sí Olympics 1984. Inú bí i, ló bá kọ́ bọ́ọ̀lù tí kò gbá rí. Lọ́dún 1987, Kansas City Chiefs mú un. Òun ni ẹnì karùndínlógójì lọ́dún náà. Nígbà tó di 1989, kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o ní gbogbo líìgì: yáàdì 1,480. Àwa la sì fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ara ẹni tó máa ń ṣe balógun kò yá, wọ́n ní kí n ṣe é. Ọmọ tí àwa méjèèjì jọ máa ń ṣẹ́ kù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù. Mo kọ́kọ́ ro ó pé kí n mú un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ borí, mo mú ẹni tó lè sáré jù. Òun ni mo mú kẹ́yìn. Mo pe orúkọ rẹ̀ ṣá.