Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ológeere láti Port Harcourt sí Bori

Kì í ṣe ọ̀nà tí ìjọba là fún oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí ìrìn-àjò. Ó gbéra láti Port Harcourt, èbúté tó wà létí odò Bonny, gba Eleme lọ sí Bori, ìlú tí àwọn Ogoni kà sí olú-ìlú wọn. Eleme ló le jù. Ilé ìfọpo rọ̀bì ti wà níbẹ̀ láti 1965, ọkọ̀ agbépo sì máa ń tò gbọọrọ sẹ́bàá títì. Kùtù hàì ló yẹ kí èèyàn kọjá. Lẹ́yìn Eleme, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì. Fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú, títì kan lọ láti Bori dé Kono, létí odò Imo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù: òjò ibẹ̀ ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún.